Ẹ̀yin Oníṣirò Owó Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Ẹ Para Pọ̀ Ra Adójútòfò Ìlera

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, ó sì ka gbogbo agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti pé márùn-ún mọ́ àwọn tó ń bá wí, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ aládàáni. Òfin ọdún 1999 tó dá NHIS, àjọ adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè, sílẹ̀, tí tuntun yìí wá rọ́pò, kò le tó bẹ́ẹ̀. Òun fi í sí ọwọ́ agbanisíṣẹ́ láti ṣe é tàbí kó má ṣe é, ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì tó mẹ́wàá kò sí lára àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. NHIA ni orúkọ àjọ náà báyìí, agbára rẹ̀ sì ti le sí i.

Iye márùn-ún yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà àwọn oníṣirò owó wa. Ẹni tó bá gba Ọ̀yẹ́mẹ́kùn kọjá ní Àkúrẹ́, tàbí tó rìn láti Yàbá lọ sí ìhà Akínjagunlà ní ìlú Oǹdó, yóò rí pátákó wọn lójú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá méjì ni, bóyá mẹ́ta: ọ̀gá kan tó ní ìwé àṣẹ ICAN tàbí ti ANAN, ẹgbẹ́ méjì tó ń darí iṣẹ́ oníṣirò owó, akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń fi òru kàwé ìdánwò, akọ̀wé tó ń tẹ̀wé, àti ẹni tó ń gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀ láti ọ́fíìsì owó orí. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Wọ́n ti pé márùn-ún, wọ́n sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ti mú wọn, bí wọ́n mọ̀ bí wọn kò mọ̀.

Ní gbogbo Nàìjíríà, ẹni tó ní adójútòfò ìlera kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ. Inú àpò ara wa ni púpọ̀ jù lọ nínú owó tí a ń ná sí ìwòsàn ti ń jáde, lójú ẹsẹ̀, níwájú káńtà ilé ìwòsàn. Kò sí ohun tó fi hàn pé àwọn ọ́fíìsì kéékèèké wọ̀nyí yàtọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni bí nǹkan ṣe ń lọ nígbà tí àìsàn bá dé: ọ̀gá yóò yọ nǹkan láti inú owó tirẹ̀, wọn yóò dáwó jọ nínú ọ́fíìsì, ẹbí yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìkéde ẹ̀bẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lórí WhatsApp. Bí aláìsàn bá dìde, gbèsè ni yóò bá a dìde.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ni irú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe. Àwọn ni wọ́n ń bá oníkòkó, onílé epo, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣírò owó orí òṣìṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, owó NSITF (ti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́) àti owó ITF (ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́). Àwọn ni wọ́n ń pariwo sí oníbàárà létí pé ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ti dé tán, kó yára fi ìwé owó orí òṣìṣẹ́ ọdún tó kọjá ránṣẹ́. Láti ìgbà náà títí di ìparí oṣù Kẹfà, wọn kì í sinmi: ìwé owó orí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kẹta, ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ìwé ọdún ní oṣù Kejìlá ní oṣù Kẹfà. Ìjókòó láti òwúrọ̀ di òru, oúnjẹ ojú pópó, àìsùn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Síbẹ̀, nínú ìwé ìnáwó tiwọn, ẹ óò rí owó dísù jẹnẹrétọ̀, ẹ óò rí owó ìwé àṣẹ, ẹ óò rí owó adójútòfò mọ́tò ọ̀gá. Ìlera òṣìṣẹ́ ni ẹ kò ní bá níbẹ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣirò owó kéékèèké ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó má dúró de ẹni tí yóò fi òfin ká wọn mọ́. Kí wọ́n para pọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ iṣẹ́ wọn, kí wọ́n ra adójútòfò ìlera gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ṣí ilẹ̀kùn tí wọn yóò gbà wọlé.

A tẹnu mọ́ pípara pọ̀ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá yóò sọ pé owó ni kò sí. Òótọ́ ni pé owó kò pọ̀, ṣùgbọ́n kíkéré tí ọ́fíìsì wọn kéré ló ń bá wọn jà jù. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, ká ní owó adójútòfò ẹnì kan jẹ́ 40,000 náírà lọ́dún. Ọ́fíìsì ẹni márùn-ún yóò san 200,000. Bí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo bá bọ́ sí àárín wọn, owó náà lè má tó, iléeṣẹ́ adójútòfò yóò sì jẹ gbèsè lórí wọn. Ìdí nìyẹn tí ara àwọn HMO, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, kì í fi í yá sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Wọn yóò béèrè ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí. Wọn yóò fura pé ẹni tó mọ̀ pé ara òun kò yá ló ń sáré wá san owó, ìfura náà kì í sì í ṣe asán: ọ̀gá tí kò rántí adójútòfò láti ọdún mẹ́wàá, tó wá ń wá a kíá lẹ́yìn tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan fún akọ̀wé rẹ̀, ohun tó fẹ́ rà kì í ṣe adójútòfò mọ́. Ká wá ní àádọ́ta irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ para pọ̀. Ènìyàn 250 nìyẹn, 10,000,000 náírà sì wà nílẹ̀. Àìsàn ẹnì kan kò lè mi owó yẹn. Kò sí ẹni tí yóò tún máa bi akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ kan léèrè irú àìsàn tó pa bàbá rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “A ti san owó irú èyí rí, kò sí ẹni tó ṣàìsàn, owó wa sì wọmi.” A gbọ́ ẹjọ́ yìí dáadáa, nítorí pé àjọ àti èésú ni gbogbo wa fi dàgbà. Nínú àjọ, bó pẹ́ bó yá, yóò kan oníkálukú láti kó. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ṣàìsàn kò ní kó nǹkan kan, owó rẹ̀ ti lọ bá ẹni tó ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí lọ́dún tí ọ̀rọ̀ bá kan òun. Ẹni tó bá ń retí kíkó nínú rẹ̀ yóò máa bínú lọ́dọọdún. Bí ará ọjà kò bá tètè lóye èyí, a lè rò ó fún un. Ti oníṣirò owó ni kò yé wa. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà pé kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ de gbèsè tó lè má san mọ́, de ẹjọ́ tí wọ́n lè jẹ̀bi rẹ̀ ní kóòtù. Ó mọ ohun tí à ń pè ní ewu. Ó mọ iye tó ń náni láti má múra sílẹ̀ dè é.

Èrò pé kí ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan bo ara wọn kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Jámánì ṣe òfin adójútòfò àìsàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1883, orí àwọn àpò owó tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ ti ń dá láàárín ara wọn ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn àgbẹ̀ Shonga ní Ìpínlẹ̀ Kwara wọ adójútòfò ìlera aláwùjọ ní ọdún 2007, nígbà tí iléeṣẹ́ Hygeia àti àjọ PharmAccess gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí àgbẹ̀ bá lè dúró lábẹ́ orúkọ kan, kí ló dé tí ẹni tó ń fi ìṣirò jẹun kò ní lè ṣe é?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ètò Abíyè tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò dá sílẹ̀ ní Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ní ọdún 2009, àti ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tó tẹ̀lé e ní Àkúrẹ́ ní 2010, mú kí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn máa wo ọ̀dọ̀ wa. Lábẹ́ Gómìnà Rótìmí Akérédolú tó ti di olóògbé ni àjọ ètò ìlera alájọdá ìpínlẹ̀ yìí, ODCHC, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ètò Abiyamọ fún aláboyún àti àwọn ọmọ kéékèèké sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ogójì ọdún kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì oníṣirò owó. Kò lóyún, kì í ṣe ọmọ kékeré. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò tòṣì tó ẹni tí àpò owó ìlera ìpìlẹ̀ láti Àbújá ń san tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó orí, gbogbo ètò ìlera tí à ń ròyìn rẹ̀ sì fò ó kọjá. Ẹni mẹ́rin tó wà ní ọ́fíìsì tí kò pé márùn-ún tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ òfin sọ pé kí àwọn náà ní adójútòfò nítorí olùgbé Nàìjíríà ni wọ́n, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ wọn kò sí nínú àwọn tí òfin náà kà mọ́ ẹni márùn-ún sókè. Ọ̀gá kan sì lè mọ̀ọ́mọ̀ dúró sí mẹ́rin.

Ta ló wá jẹ̀bi? Àwọn ọ̀gá ni a óò kọ́kọ́ bá wí. Òfin owó oṣù tó kéré jù kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ kan lè máa gba owó tí kò tó 70,000 náírà, kí ọ̀gá rẹ̀ má sì rú òfin kankan. Àwáwí tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́, wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí, wọn yóò sì lọ sí Èkó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe ìdí láti jẹ́ kí ibà pa wọ́n kí wọ́n tó dé Èkó. A mọ̀ pé oníbàárà kì í tètè sanwó. A mọ̀ pé ìjọba pàápàá ń jẹ wọ́n ní owó iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ wa, ọ́fíìsì ẹni mẹ́fà yóò ná 240,000 náírà lọ́dún. Bí a bá pín in bí NHIS ṣe pín in níbẹ̀rẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ san ìdá méjì tí òṣìṣẹ́ san ìdá kan, 160,000 ni ti ọ́fíìsì, ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò sì ju 1,100 náírà àti díẹ̀ lóṣù. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ yóò san jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ ní kedere kó tó fọwọ́ sí i.

Owó orí tún wà níbẹ̀, àwọn oníṣirò owó sì mọ èyí jù wá lọ. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 jẹ́ kí a yọ owó adójútòfò ìlera NHIS kúrò nínú owó tí a óò bu owó orí lé. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tóbi ni èyí sàn fún. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún kò ju 800,000 náírà kì í san owó orí tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ẹ̀dínkù kankan tó lè bá a. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ọ́fíìsì san gbogbo owó àwọn tó kéré jù lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ẹni tó ń gbé fáìlì, kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù rẹ̀.

ICAN ti ní àṣẹ lórí iṣẹ́ yìí láti ọdún 1965, ANAN náà gba tirẹ̀ ní 1993. Àwọn ni wọ́n ń fún ọ́fíìsì ní ìwé àṣẹ, àwọn ni wọ́n ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò oníbàárà, ètò ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún. Ó yẹ kí ìlera òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọn yóò béèrè. Ẹgbẹ́ méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa du ipò. Bí ICAN ti Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ bá dá tirẹ̀ ṣe, tí ANAN dá tirẹ̀ ṣe, ọ̀wọ́ kéékèèké méjì ni yóò jáde, a ó sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń dábàá nìyí. Kí ẹgbẹ́ méjèèjì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, kí Oǹdó ní aṣojú tirẹ̀ níbẹ̀, kí Àkúrẹ́ má gba gbogbo àga. Kí ìgbìmọ̀ náà ka iye ọ́fíìsì àti iye ènìyàn, pẹ̀lú ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́, akọ̀wé àti agbálẹ̀. Kí wọ́n pe ODCHC àti àwọn HMO kí wọ́n wá sọ iye tí wọn yóò gbà àti ohun tí wọn yóò ṣe, kí wọ́n sì yan ọ̀kan ní gbangba. Gbogbo ọ́fíìsì tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣa aláìsàn nìkan wá. Oṣooṣù ni kí wọ́n máa san án, sínú àkáǹtì kan tí ọ́dítọ̀ tí kò sí nínú ètò náà yóò máa yẹ̀ wò. (A kò rò pé ọ́dítọ̀ yóò ṣòro fún wọn láti rí.) Nínú ilé ìwòsàn tí wọn yóò yàn, kí ti Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, kí ti Oǹdó wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ẹ̀ka méjèèjì ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé ẹni tó ń gbé ní Oǹdó lè wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí inú rírun bá dé bá a. Kí wọ́n béèrè pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá lọ ṣe àyẹ̀wò ìwé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, nítorí ètò ìpínlẹ̀ lè má kọjá ààlà ìpínlẹ̀.

Ní ti ìjọba, kí ODCHC ṣe ètò kan tí a mọ̀ sí ti agbanisíṣẹ́ kékeré, tí ọ́fíìsì ẹni mẹ́rin, mẹ́ta, àní méjì, lè gba inú ẹgbẹ́ wọlé sí. Kí wọ́n lẹ iye owó àti orúkọ àwọn ilé ìwòsàn mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ mọ̀ má ṣe ní láti mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká kí ó tó rí i. Kí Gómìnà Lucky Ayédatiwá sì rí i pé òògùn wà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹjọ́ tó ń lé ènìyàn kúrò nínú adójútòfò jù lọ ni pé a ti sanwó, a dé ibẹ̀, wọ́n ní òògùn ti tán, ká lọ rà á níta. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì kò ní san ti ọdún kejì.

Àwọn HMO náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2025, NHIA pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún ilé ìwòsàn ní nọ́ńbà àṣẹ ìtọ́jú láàárín wákàtí kan, ó sì fi kún owó tí ilé ìwòsàn ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti 750 náírà lóṣù sí 1,450. Bí ilé ìwòsàn bá ti ń gba ìlọ́po méjì díẹ̀ dín, kò sí àwáwí mọ́ fún dídá aláìsàn jókòó títí di ọ̀sán. Kí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣirò owó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé HMO tó bá pẹ́ kọjá wákàtí yẹn yóò san owó ìtanràn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ẹ̀rí adójútòfò ìlera lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń béèrè ti owó ìfẹ̀yìntì àti ti NSITF. Ọ̀gá oníṣirò owó tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìwé ìjọba yóò nílò rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀rù kan ń bà wá níbẹ̀. A mọ bí àwọn ìwé ẹ̀rí yòókù ṣe di ohun tí àwọn kan ń sáré san owó díẹ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ du iṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbà á kò sì mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀. Bí ti ìlera bá dà bẹ́ẹ̀, a ti pàdánù rẹ̀. Kí NHIA máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà, kí ó mọ ilé ìwòsàn tó lè lọ.

A rọ àwọn aláṣẹ ICAN ti Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, àti ti ANAN ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé wọn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì pe ODCHC síbẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lòdì sí i: òfin ti dìbò fún un láti ọdún 2022.